Másítà nínú ìṣàkóso tẹlifíṣàn àti mídíà ní ìlú ọba: ohun tí owó mi rà, ohun tí kò rà

Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi ta ìpolówó fún ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn kan n'Íbàdàn kí n tó lọ ka másítà yìí. Mo ti gbé fáìlì kiri báńkì, mo ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì àwọn tó ń ṣe ọṣẹ àti àwọn tó ń ṣe àgbo inú ìgò títí ilẹ̀ fi ṣú, mo mọ iye tí à ń ta ìpolówó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá tó bá ṣíwájú ìròyìn, mo sì mọ iye tí ọ̀gá máa ní ká gbà tọ́jà ò bá lọ. Ohun tí mi ò mọ̀ ni ìdí tí owó náà kì í fi í dúró. Ìpolówó ń wọlé, dísù ń gbé e lọ, owó oṣù ń pẹ́, àwọn pródúsà tó ń gbé eré wá bá wa ń jẹ gbèsè, àwa tí wọ́n ń gbé e wá bá náà ń jẹ gbèsè, gbogbo wa kàn ń fi agbọ̀n pọnmi ni. Mo fẹ́ mọ ibi tí omi yẹn ń gbà lọ. Ìdí tí mo fi lọ nìyẹn, oṣù kẹsàn-án 2023 ni mo bẹ̀rẹ̀, oṣù kẹsàn-án 2024 ni mo parí, mo sì ti padà sílé báyìí, ara mi ti balẹ̀, mo lè sọ èyí tó dáa àti èyí tí kò dáa.

Mi ò ní dárúkọ yunifásítì náà torí àwọn nǹkan kan wà tí mo máa sọ tí kò dùn, mi ò sì fẹ́ kó dà bíi pé mo ń bá wọn jà. Ìlú kan lápá àríwá ìlú ọba ni, kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù rárá, òtútù ibẹ̀ kọjá ohun tí wọ́n ń fẹnu sọ.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí kọ́ọ̀sì yìí jẹ́, torí ọ̀pọ̀ ló ń ṣì í mú. Wọn kì í kọ́ èèyàn ní kámẹ́rà níbẹ̀, wọn kì í kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń ka ìròyìn tàbí bí wọ́n ṣe ń gé fíìmù. Ọmọ kan wà ní kíláàsì wa tó rò pé bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀sẹ̀ kẹta ló ti ń sunkún, bẹ́ẹ̀ ó ti sanwó tán. Ohun tí wọ́n ń kọ́ ni bí wọ́n ṣe ń darí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ètò tàbí tó ń gbé e sáfẹ́fẹ́: ibi tówó ti ń wá, ta ló ni iṣẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣe é tán, bí wọ́n ṣe ń ka àwọn tó ń wòran, òfin tó de ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn, bí wọ́n ṣe ń ṣe bọ́jẹ́ẹ̀tì, bí wọ́n ṣe ń kó àwọn òṣèré àti àwọn akáńtáǹtì jọ sínú yàrá kan kí wọ́n má pa ara wọn. Ọdún kan péré ni. Bí másítà ti ìlú ọba ṣe máa ń rí náà ni, kírẹ́díìtì 180, nínú ẹ̀ 60 wá jẹ́ ti dissertation, ìyẹn iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n máa ń kọ lásìkò ooru. Máàkì 50 lèèyàn fi ń yege, 60 ni merit, 70 ni distinction. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jáde ní yunifásítì Naija, ẹ má fojú ti ilé wo máàkì wọn o, ẹni tó bá gba 68 ńbẹ̀ ti ṣe bẹbẹ. Èmi gba 58 nínú iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo kọ, mi ò lè jẹun lọ́jọ́ yẹn, àfìgbà tí ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi jókòó tì mí tó ṣàlàyé fún mi pé máàkì tó dáa ni.

Ibi tó dùn jù, tí mo lè fi gbogbo ẹnu sọ pé ó tó owó ẹ̀, ni ibi tí wọ́n ti kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́, ìyẹn ta ló ni iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ni wọ́n fi ṣe é, ì bá jẹ́ mẹ́wàá ì bá dùn mọ́ mi. Olùkọ́ tó kọ́ wa ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ètò tẹlifíṣàn, màmá àgbàlagbà kan ni, kì í lo slide rárá, ìwé àdéhùn gidi ló máa ń kó wá, á ti fi báírò dúdú pa orúkọ àwọn tó wà nínú ẹ̀ rẹ́, a ó wá máa kà á ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, á ní ká sọ ẹni tí gbólóhùn yẹn ṣe lóore àti ẹni tó jà lólè.

Ẹ wo ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn Channel 4 tiwọn. Ọdún 1982 ló bẹ̀rẹ̀, ará ìlú ló ni ín, kì í ṣe aládàáni, ṣùgbọ́n ìpolówó ló fi ń jẹun, wọn ò sì gbà kó máa ṣe ètò fúnra ẹ̀, àfi kó máa gbéṣẹ́ fún àwọn tó wà níta. Òfin kan ṣoṣo yẹn ló jẹ́ kí àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké tó ń ṣe ètò hù káàkiri ìlú ọba bí ewéko ìgbà òjò, torí oníbàárà ti wà nílẹ̀ tí wọ́n mọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ rà ni. Òfin mídíà ti 2024 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbà á láyè pé òun náà lè máa ṣe tiẹ̀. Òmíràn tún ni òfin tí wọ́n ṣe ní 2003. Látìgbà yẹn, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn ńlá tó bá gbéṣẹ́ fún pródúsà tó dá dúró, ẹ̀tọ́ láti gbé e sáfẹ́fẹ́ fún àkókò kan ló ń rà, iṣẹ́ náà ṣì jẹ́ ti pródúsà. Ó lè gbé e lọ tà l'Ámẹ́ríkà, ó lè gbé e lọ Jámánì, àwọn ará ibẹ̀ tiẹ̀ lè ra ìlànà eré náà kí wọ́n fi èdè wọn ṣe tiwọn, owó náà á tún wọlé. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn sanwó ṣíṣe, pródúsà di iṣẹ́ ẹ̀ mú. Bí ilé tèèyàn kọ́ tó wá ń gba owó ilé lórí ẹ̀ ni.

Ìgbà tó kàn mí láti sọ tiwa, mo ní lọ́dọ̀ wa, pródúsà ló ń sanwó fún ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn kí wọ́n tó lè gbé eré ẹ̀ jáde. Kíláàsì dákẹ́. Màmá yẹn ní kí n tún un sọ, ó rò pé mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ ni. Mo tún un sọ. Mo ní pródúsà máa lọ yáwó, á ṣe eré ìpín mẹ́tàlá, á wá ra àkókò lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn, á tún fúnra ẹ̀ wá onígbọ̀wọ́ kiri, á máa bẹ ilé iṣẹ́ onímíliíkì àti oníndómì, tí kò bá rí wọn, gbèsè dọrùn ẹ̀ nìyẹn, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn ní tiẹ̀ ti gbowó ẹ̀ kó tó ti téèpù bọnú ẹ̀rọ. Màmá ní, "Ta ló wá ń gba owó lọ́wọ́ wọn?" Mo ní èmi ni. Ọdún mẹ́sàn-án, èmi ni mo ń kọ rìsíìtì fún wọn. Mi ò mọ̀ pé ohùn mi máa gbọ̀n tí mo bá sọ ọ́ síta báyẹn. Àwọn kan nínú àwọn pródúsà yẹn, mo mọ ìyàwó wọn, mo mọ ọmọ wọn, mo mọ ẹni tó ta mọ́tò.

Mo tún sọ ti olóògbé Moses Ọláìyá, Baba Sàlá tiwa, fún wọn. Ọdún 1982 ni fíìmù wọn Ọ̀run Móoru jáde, wọ́n kówó ńlá lé e, kásẹ́ẹ̀tì ayédèrú gba ìgboro kan, gbèsè sì wọlé dé, ọkùnrin tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ń tìtorí ẹ̀ rẹ́rìn-ín kò bọ́ nínú ọgbẹ́ yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ibẹ̀ ni màmá ti wá la ojú mi sí ohun kan. Ó ní tèèyàn bá din àkàrà ọgọ́rùn-ún, tí olè jí ẹyọ kan, ẹyọ kan ló jí (èmi ni mo sọ ọ́ di àkàrà o, búrẹ́dì lòun pè é). Fíìmù ò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo owó fíìmù, inú ẹ̀dà àkọ́kọ́ ló wà, owó òṣèré, owó kámẹ́rà, oúnjẹ níbi tí wọ́n ti ń ya eré, dísù jẹnẹrétọ̀, gbogbo ẹ̀. Ẹ̀dà kejì títí dé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ò ju owó ike lọ. Nítorí náà ẹni tó jí ẹ̀dà kan, ó ti jí agbada pẹ̀lú ẹ̀wà pẹ̀lú epo. Gbogbo ọjà mídíà, orí ọ̀rọ̀ yìí ló dúró lé: owó ńlá níwájú, owó táṣẹ́rẹ́ lẹ́yìn, ẹni tó bá wá di ẹ̀tọ́ mú lẹ́yìn yẹn ló ń jèrè. Mo ti ń gbé nínú iṣẹ́ yìí fún ọdún mẹ́sàn-án, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi rí.

Ohun kejì tó tún dáa ni pé wọ́n máa ń gbé ìròyìn tó bá ṣẹ̀ wọ kíláàsì. Oṣù kìíní 2024, a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ìsinmi Kérésì ni, ìròyìn jáde pé Amazon Prime Video, àwọn tó ń fi fíìmù hàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá ń sanwó lóṣù, ò ní máa gbéṣẹ́ tuntun fún àwọn pródúsà mọ́ ní Áfíríkà. Olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní ètò ìṣúná pa ohun tó fẹ́ kọ́ wa tì, ó ní kí á ṣí Excel, ká bá òun wá ìdí ẹ̀. Èmi ni mo wà lójú pátákó. Mo ní ká ní ẹnì kan l'Óṣogbo ń san 2,300 náírà lóṣù, nígbà tí dọ́là wà ní 460, dọ́là márùn-ún géérégé nìyẹn. Oṣù kẹfà 2023 ni wọ́n tú okùn náírà sílẹ̀, tí dọ́là bá wá di 1,500, owó kan náà lẹni yẹn ń san, àpò ẹ̀ ń gbọ̀n bó ṣe ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀, àmọ́ ẹni tó ń gbowó l'Ámẹ́ríkà ń rí dọ́là kan àti ààbọ̀. Ká tún wá ka owó dátà tẹ́ni yẹn fi ń wò ó, èyí tí kì í wọ àpò wọn rárá. Gbogbo kíláàsì rí i pé kò sí bí fíìmù náà ṣe dùn tó, ìṣirò yẹn ò lè jáde. Kò ní í ṣe pẹ̀lú pé a ò mọ eré ṣe.

Ọ̀rọ̀ yẹn náà ló wá jẹ́ kó yé mi ìdí tí àwọn òṣèré Yorùbá wa fi ya sórí YouTube báyìí. Ìṣirò kan náà ni, àmọ́ ó kọjú sápá ibòmíràn. Nínú owó ìpolówó tó bá wọlé lórí fídíò gígùn, ìpín 55 nínú ọgọ́rùn-ún ni YouTube ń fún ẹni tó ni ín, ìpolówó tí wọ́n sì ń fi han ẹni tó ń wò ó ní Peckham tàbí Houston wọ́n ju èyí tí wọ́n ń fi han ẹni tó wà ní Mọ́kọ́lá lọ. Ọmọ wa tó wà lẹ́yìn odi tó ń gbọ́ àárò èdè ilé nínú òtútù, òun ló ń sanwó fún eré Yorùbá láì mọ̀, dọ́là sì ló ń wọlé. Kò ní kéèyàn ra àkókò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọn ò kọ́ wa léyìí o, wọ́n kọ́ wa ní irin iṣẹ́ tí mo fi rí i fúnra mi ni.

Nǹkan kékeré kan tún wà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wo tẹlifíṣàn lójú ẹsẹ̀ nínú yàrá yín ní ìlú ọba, akẹ́kọ̀ọ́ ni yín o, ẹ máa sanwó láísẹ́ǹsì, £159 lọ́dún ni nígbà tí mo dé, wọ́n sọ ọ́ di £169.50 ní oṣù kẹrin 2024. Owó yẹn ni BBC fi ń rìn. Inú bí mi nígbà tí lẹ́tà ẹ̀ kọ́kọ́ dé, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń wá nǹkan kọ, mo ṣí ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, mo rí i pé láísẹ́ǹsì rédíò àti tẹlifíṣàn wà nínú ohun tí wọ́n ní kí ìjọba ìbílẹ̀ máa gbà. Ó wà níbẹ̀ o, Àfikún Kẹrin. Àwọn àgbà tó bá ń kà mí á rántí ìwé yẹn. Tiwọn ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe ètò, tiwa ń lọ sọ́dọ̀ káńsù, ètò ò sì jẹ nínú ẹ̀. Mo kọ àròkọ tó jẹ́ 3,000 ọ̀rọ̀ lórí ẹ̀, mo gba 71.

Ó wá kan ibi tó dùn mí.

Àkọ́kọ́, Áfíríkà ò sí nínú ìwé wọn. Mi ò sọ pé ó kéré, mo ní kò sí. Slide kan ṣoṣo ni mo rí lọ́dún kan gbáko, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé fóònù ni Áfíríkà fi ń wòran, ó parí. Mo nàka sókè. Mo ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1959 ni tẹlifíṣàn WNTV bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló dá a sílẹ̀, ilé iṣẹ́ Overseas Rediffusion ti ìlú ọba tiwọn níbí ni wọ́n sì jọ dòwò pọ̀, ṣé irú ìfowósowọ́pọ̀ bẹ́ẹ̀ kọ́ lẹ̀ ń pè ní ẹ̀kọ́ nínú kọ́ọ̀sì yìí? Ọkùnrin tó ń kọ́ wa lọ́jọ́ yẹn kọ ọ́ sílẹ̀, ó dúpẹ́, ọ̀sẹ̀ kejì dé kò sọ nǹkan kan mọ́. Mo dàgbà sítòsí Agodi. Mo máa ń kọjá níwájú ilé WNTV yẹn tí mo bá ń lọ sílé ìwé. Ó dùn mí ju bó ṣe yẹ lọ.

Èkejì, ohun tó wà nínú ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń polówó kọ́ọ̀sì. Wọ́n ya àwòrán stúdíò tó ń dán sí i, a ò fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ti àwọn ọmọ ẹ̀ka mìíràn ni. Wọ́n ní àwọn èèyàn ńlá nídìí iṣẹ́ máa ń wá bá wa sọ̀rọ̀, méjì ló wá lójúkojú, àwọn yòókù sọ̀rọ̀ lórí Zoom, wákàtí kan, ìbéèrè mẹ́ta, ó dàbọ̀. Wọ́n ní ànfààní wà láti lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé iṣẹ́, nígbà tí mo wá béèrè wọ́n ní ànfààní wà lóòótọ́ àmọ́ èmi ni mo máa wá a fúnra mi. Ilé iṣẹ́ mẹ́rìndínlógún ni mo kọ̀wé sí, ọ̀kan ló dáhùn, wọ́n ní kò sáyè. Ẹni tí mo dá lẹ́bi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ẹni tó kọ ìwé pẹlẹbẹ yẹn, torí ó mọ irú ẹni tó máa kà á níbi tó jìnnà.

Iṣẹ́ àjọṣe náà tún wà. Èèyàn márùn-ún lẹ jọ máa ṣe iṣẹ́ kan, máàkì kan náà lẹ jọ máa gbà. Àwọn ọmọ kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ló pọ̀ jù ní kíláàsì, ọmọ ọdún méjìlélógún, mẹ́tàlélógún, wọ́n gbọ́n, wọ́n mọ kọ̀ǹpútà, àmọ́ wọn ò tíì gbowó oṣù rí láyé wọn, ẹ sì fẹ́ jọ kọ ètò bí wọ́n á ṣe san owó oṣù fún òṣìṣẹ́ ọgọ́ta. Mo sùn sí láíbìrì lẹ́ẹ̀mẹta nítorí iṣẹ́ yẹn.

Owó ńkọ́? £18,500 ni tèmi, láì ka ilé àti oúnjẹ. Oṣù karùn-ún 2023 ni mo san apá kan, nígbà tí mo fi máa san ìyókù ní oṣù kejì 2024, pọ́ùn kan ti gba ju ìlọ́po méjì náírà tó gbà tẹ́lẹ̀ lọ. Ọkọ mi ta ilẹ̀ wa tó wà ní Àkóbọ̀. Ó kọ́kọ́ pè mí pé kí n má bínú, òun ti tà á. Mi ò tíì lè sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ dáadáa títí dòní, nítorí náà ẹ jẹ́ n tẹ̀ síwájú. Owó ìlera tí wọ́n ń gbà mọ́ físà jẹ́ £470 lọ́dún nígbà tèmi, wọ́n ti sọ ọ́ di £776 láti oṣù kejì 2024. Láti oṣù kìíní 2024, ẹni tó bá ń lọ ka irú másítà báyìí ò lè mú ọkọ tàbí aya tàbí ọmọ dání mọ́. Iṣẹ́ tẹ́ ẹ lè ṣe nígbà tí kíláàsì ń lọ ò gbọdọ̀ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀, kò lè san owó ilé ìwé, ẹ má gba ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ gbọ́. Ọdún méjì tí wọ́n máa ń fún èèyàn lẹ́yìn ẹ̀kọ́ náà, ẹni tó bá béèrè fún un láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní 2027, oṣù 18 ni wọ́n máa fún un. Tó bá jẹ́ pé ìlú ọba lẹ̀ ń wá, tí kì í ṣe ẹ̀kọ́ yìí, ẹ wá kọ́ọ̀sì mìíràn, torí iṣẹ́ tẹlifíṣàn níbẹ̀, ẹni tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n ń pè, àwọn ọmọ ìbílẹ̀ gan-an ń wá a tì.

Mo fún un ní ìràwọ̀ mẹ́ta àtààbọ̀ nínú márùn-ún. Ká ní wọ́n fi ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ àti ìṣúná ṣe ìdajì ọdún ni, ǹ bá fún un ní mẹ́rin àtààbọ̀ láì rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Kì í ṣe yunifásítì tí mo lọ nìkan ni wọ́n ti ń kọ́ ọ o. University of Westminster ní i ní Lọ́ńdọ̀nù, Glasgow náà ní i. L'Ámẹ́ríkà, Drexel University ní Philadelphia ti kọ́ másítà tó jẹ́ ti ìṣàkóso tẹlifíṣàn gan-an gan-an rí, ẹ wádìí bóyá ó ṣì ń lọ. Nílé níbí, Pan-Atlantic University ní Ìbẹ̀jù-Lẹ́kì ní ẹ̀ka mídíà tó ń gbé másítà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní iṣẹ́ lọ́wọ́ tẹ́ ò fẹ́ fi sílẹ̀, ẹ lọ wò ó kẹ́ ẹ tó ta ilẹ̀. Mi ò ka ìkankan nínú wọn, nítorí náà mi ò lè bá wọn ṣẹ̀rí, ẹ wá ẹni tó jáde níbẹ̀ kẹ́ ẹ bi í.

Ẹni tí mo máa ní kó lọ ni ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ yìí fún bí ọdún márùn-ún ó kéré tán, tó ti rí wàhálà ẹ̀ tó ní ìbéèrè tó ń dà á lóorun. Ìbéèrè yẹn lẹ máa gbé lọ, òun ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ mọ èyí tó wúlò nínú ohun tí wọ́n bá ń sọ. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ kọ̀wé sí ẹni tó ń darí kọ́ọ̀sì náà gan-an, kì í ṣe ẹni tó ń gba àwọn ọmọ wọlé, ẹ bi í pé ta ló ń kọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ àti ìwé àdéhùn, níbo lẹni náà ti ṣiṣẹ́, ṣé a máa rí ìwé àdéhùn gidi. Ẹ bi í pé akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ló rí ibi kọ́ṣẹ́ lọ́dún tó kọjá, ta ló bá wọn wá a. Ẹ bi í bóyá ó gbà kẹ́ ẹ kọ dissertation yín lórí ilé yín. Tèmi gbà, ibẹ̀ ni mo ti lè kọ ọ́ lórí ètò ríra àkókò lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn. Pródúsà mẹ́wàá ni mo bá sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, mẹ́ta nínú wọn jẹ́ àwọn tí mo ti kọ rìsíìtì fún rí. Alábòójútó mi ò mọ nǹkan kan nípa Naija, àmọ́ ìbéèrè kan ṣoṣo tó máa ń bi mí nígbà gbogbo ni pé, lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé e sáfẹ́fẹ́ tán, ta ló ni téèpù náà? Nínú àwọn mẹ́wàá yẹn, mẹ́rin péré ló lè dá mi lóhùn.

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe báyìí nìyẹn. Mi ò padà sídìí ìpolówó. Mo ń bá àwọn pródúsà ka ìwé àdéhùn wọn, mo sì ń bá wọn ṣe bọ́jẹ́ẹ̀tì. Oṣù tó kọjá, ẹnì kan gbé ìwé kan wá, ilé iṣẹ́ kan fẹ́ ra eré ẹ̀, owó náà dáa lójú, inú ẹ̀ ń dùn, ó tiẹ̀ ti ra báírò tuntun. Ojú ewé kẹrin ni mo ti rí i, wọ́n ní ẹ̀tọ́ náà jẹ́ tiwọn títí láé, ní gbogbo àgbáálá ayé, lórí gbogbo ẹ̀rọ tó wà àti èyí tí wọn ò tíì ṣe. Mo fa ìlà sí i, mo kọ ọdún márùn-ún síbẹ̀. Bàbá náà ò sùn lóru ọjọ́ yẹn, ó ní wọ́n á bínú, wọ́n á gba owó wọn padà. Ọjọ́ kẹta wọ́n dáhùn pé ọdún méje ni wọ́n fẹ́. Ọdún méje la fọwọ́ sí, owó náà ò sì yí padà. Bàbá náà ṣì ní eré mọ́kànlá mìíràn tó ti ṣe láti 2006, kò mọ ibi tí ìwé wọn wà, a ti kó àpótí mẹ́ta jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, a ti rí ìwé mẹ́rin.